Ààlè Orí Igi Ọ̀pọ̀tọ́

Bí ẹ bá fẹ́ mọ Gàníyù, ẹ má bi í léèrè nípa ara rẹ̀. Ẹ bi í nípa ògiri. Ọmọ Ìkirè ni, ó sì lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń rẹ́ ilé kiri, láti Ìkátẹ̀ Ẹlẹ́gùṣì títí dé Awoyaya, láti ìgbà tí títì márosẹ̀ tó gba ibẹ̀ kọjá ti há gádígádí títí di ìgbà tí wọ́n wá ń fẹ̀ ẹ́, tí eruku rẹ̀ ń sọ ẹni dúdú di ẹni pupa. Bí ó bá wọ ilé onílé, kì í kọ́kọ́ wo àga tàbí tẹlifíṣọ̀n. Ọwọ́ ló máa ń fi pa ògiri bí ẹni ń pa ẹ̀yìn ọmọ tó ń sùn, lẹ́yìn náà yóò pòṣé tàbí kó mi orí. Pípòṣé túmọ̀ sí pé iṣẹ́ náà bàjẹ́, àdúrà ló kù fún ẹni tó ṣe é. Mímirí túmọ̀ sí pé iṣẹ́ dára. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í simi títí yóò fi ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì.

Nígbà tí eékún bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú lórí àkàbà, ó gba iṣẹ́ ilẹ̀ ṣíṣọ́. Lọ́yà Fikáyọ̀ ló ni ilẹ̀ náà, agbẹjọ́rò obìnrin kan tó ń gbé ní ẹ́sítéètì VGC, tó máa ń yára rìn bíi pé adájọ́ ń dúró dè é. Ilẹ̀ ọ̀hún wà lẹ́yìn Awoyaya, níbi tí ilẹ̀ líle ti parí tí àbàtà ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àdéhùn wọn kò le rárá. Gàníyù àti Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ yóò máa gbé inú ilé pákó tó wà níbẹ̀, wọn yóò máa ṣọ́ ilẹ̀ náà kí ẹnikẹ́ni má baà tún un tà fún ẹlòmíràn. Bí Lọ́yà bá kọ́ ilé tán, Gàníyù ni yóò rẹ́ ẹ láti yàrá àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Ọ̀rọ̀ ìrẹ́lé yẹn ló mú un gbà. Ó ti pinnu pé ilé náà ni òun yóò fi dágbére fún iṣẹ́, ó sì ti ń lá àlá ògiri pálọ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Òjò ọdún yẹn ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí ẹyẹ náà dé. Àárọ̀ ni. Àṣàkẹ́ ń po ìyẹ̀fun púfù-púfù tó máa ń dín fún àwọn òṣìṣẹ́ sáìtì, Gàníyù sì ń fi orín họ eyín. Wọ́n wo etí omi, wọ́n rí nǹkan kan tó dúró síbẹ̀ láàárín àwọn lékelèké. Ó ga tó àkùkọ ńlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀ jẹ́ àwọ̀ kòkó gbígbẹ, kò ní funfun kankan tí yóò fi ṣe fáàrí. Ṣùgbọ́n orí ẹyẹ yìí! Ẹnu rẹ̀ nípọn, ó yọ síwájú gbọọrọ. Ìyẹ́ ìpàkọ́ rẹ̀ náà yọ sẹ́yìn gbọọrọ. Béèyàn bá wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́, àfi kó fara balẹ̀ kó tó mọ apá ibi tí ojú ń wò.

Àṣàkẹ́ gbé ọwọ́ kúrò nínú ìyẹ̀fun. "Bàbá Màríàm, hámà ta ni èyí?"

"Hámà bíi báwo?"

"Ẹ wo orí ẹ̀. Káfíńtà kan ló gbàgbé hámà sọ́rùn ẹyẹ yìí."

Láti ọjọ́ náà ni orúkọ rẹ̀ ti di Ọ̀gá Káfíńtà. Nígbà tí èkejì rẹ̀ dé lọ́jọ́ kẹta, tí wọ́n sì jọra bí ìbejì, Àṣàkẹ́ ní kò sí wàhálà, ìyẹn ni Ìyàwó Káfíńtà. Ẹ má bi mí pé èwo lọkọ, èwo ni ìyàwó. Àwọn méjèèjì tó fún wọn lórúkọ pàápàá kò mọ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jiyàn lórí rẹ̀.

Bí ẹyẹ náà ṣe ń wá oúnjẹ ló kọ́kọ́ pa Gàníyù lẹ́rìn-ín. Yóò wọ inú omi tí kò jìn, yóò na ẹsẹ̀ kan síwájú, yóò máa fi gbọn ẹrẹ̀ jìgìjìgì, bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wá sílípáàsì lábẹ́ ibùsùn. Bí àkèré bá ta jáde, ó ti gbé e. Bí ó bá jẹ́ ẹja wẹ́wẹ́, bákan náà ni. Nígbà mìíràn, yóò dúró gbagidi fún ìgbà pípẹ́, kò ní mira, débi pé àwọn lékelèké á máa rìn kọjá níwájú rẹ̀ bíi pé òpó iná ni. Gàníyù á máa wò ó títí orín yóò fi gbó lẹ́nu rẹ̀.

Kò pẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé. Ẹ gbọ́, mi ò sọ pé wọ́n tẹ́ ìtẹ́. Wọ́n kọ́lé. Igi ọ̀pọ̀tọ́ kan wà ní ìkángun ilẹ̀ Lọ́yà, tó da ara bo omi, gẹ́lẹ́ níbi tí fẹ́ǹsì ẹ̀yìn yóò gbà. Oríta ẹ̀ka igi yẹn ni wọ́n yàn. Láti ìdájí ni wọ́n ti ń kó igi wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, òmíràn gùn ju ẹyẹ náà lọ. Gàníyù rẹ́rìn-ín ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ní ẹyẹ tí kò ju báyìí lọ tó ń kó igi tó tó dáná ìgbéyàwó, oníṣekárími lásán ni. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, igi tí wọ́n kó jọ ti rí bí agbada ńlá kan. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ògiri ti yí i ká. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kan òrùlé lé e, òrùlé tó nípọn débi pé òjò kan tó ṣèèṣì rọ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ṣàn kúrò lórí rẹ̀, kò kán sínú.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrẹ̀ ni Gàníyù gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ súnmọ́ igi náà. Ó rí Ọ̀gá Káfíńtà tó fi ẹnu bu ẹrẹ̀, tó fò dé ẹnu ọ̀nà ilé náà, ojú ihò kan tó kọjú sísàlẹ̀ sí omi, kí ejò má baà rí ọ̀nà gbà. Ó lẹ ẹrẹ̀ náà mọ́ ọn. Ó fà á. Ó tún un fà. Ó yí orí sí ẹ̀gbẹ́, ó wò ó, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún un fà lẹ́ẹ̀kẹta.

"Àṣàkẹ́!" Gàníyù pariwo. "Wá wò ó o! Ẹyẹ yìí ń rẹ́lé!"

Nígbà tí àwọn ẹyẹ méjèèjì lọ jẹun, kò lè mú un mọ́ra. Ó gbé àkàbà, òun àti eékún rẹ̀ tó ń dùn ún, ó gun igi náà, ó sì ti ọwọ́ bọ ẹnu ọ̀nà náà. Ó jọ̀lọ̀. Kò sí ibi tó wú, kò sí ibi tó ya. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́ títí, ọwọ́ rẹ̀ nínú ilé onílé, lẹ́yìn náà ó mi orí. Ó ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn bíríkìlà tó ní ìwé ẹ̀rí, tí kò mirí fún rí. Nígbà tí ọyẹ́ dé tí etí àbàtà gbẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sójú kan níbẹ̀ ní àràárọ̀ kí ẹrẹ̀ lè máa wà fún wọn. Àṣàkẹ́ ní ọkọ òun ti di lébìrà fún ẹyẹ lọ́jọ́ ogbó, inú rẹ̀ sì dùn sí i, nítorí ó ti pẹ́ tó ti rí i kó jí pẹ̀lú ẹ̀rín báyẹn.

Ilé parí. Ènìyàn á rò pé wọn yóò sinmi. Rárá o. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ọ̀ṣọ́ tí ẹyẹ yìí sì fẹ́ràn kì í ṣe òdòdó. Pàǹtí ni. Bí wọ́n bá ti rí nǹkan tí ènìyàn jù nù, wọ́n á gbé e, wọ́n á fi lé orí òrùlé. Wọ́n gbé ṣùkù àgbàdo. Wọ́n gbé ìkarahun ìgbín méjì. Wọ́n gbé egungun ẹja àti sílípáàsì ọmọdé ẹsẹ̀ kan. Wọ́n gbé òòyà Àṣàkẹ́ tó ti kán sí méjì. Gàníyù sá aṣọ pupa kan sórí koríko, èyí tó máa ń wé mọ́ orí bó bá ń ṣiṣẹ́, ó wọlé lọ mu omi. Kó tó jáde, aṣọ ti ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lókè igi ọ̀pọ̀tọ́.

Ẹ̀yin náà ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ta ni ọmọ Yorùbá tí kò mọ ààlè? Ẹni tó bá kó igi ìdáná jọ sínú oko, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, aṣọ pupa ni yóò so mọ́ ọn, tàbí ṣùkù, tàbí ìkarahun, tàbí òòyà tó kán, kí olè lè mọ ohun tí ojú òun yóò rí bó bá jí i. Bí ẹ bá kó gbogbo àwọn nǹkan wọ̀nyí pọ̀ sórí igi kan ṣoṣo, ó ti kúrò ní ìkìlọ̀, ó ti di ìdájọ́. Ṣùgbọ́n Gàníyù tó rí ẹyẹ tó ń gbé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kò fi ojú yẹn wò ó rárá. Ilé ẹyẹ ló ń wò.

Ẹyin dé. Oṣù kan gbáko ni wọ́n fi ń pín ìsàba ṣe, bí ọ̀kan bá jáde, èkejì á wọlé. Lọ́jọ́ kan, Gàníyù dúró lábẹ́ igi, ó gbọ́ ohùn tín-ín-rín bí ẹni tó ń fi èékánná ha páànù. Ó sáré lọ sọ fún Àṣàkẹ́ bíi pé òun ló bí wọn. Ó gun àkàbà, ó fi tọ́ọ̀ṣì wò ó: ọmọ mẹ́ta, ìyẹ́ wọn múlọ́múlọ́, ẹnu wọn wà ní yíyà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi èédú fa ìlà kọ̀ọ̀kan sára pákó ilé lójúmọ́, kó lè mọ ìgbà tí wọn yóò fò.

Ìlà kẹwàá ló fà tán lọ́jọ́ tí Taofeek dé. Taofeek ni ẹni tó ń bá wọn gé igi ní gbogbo agbègbè náà, géńdé kan tí apá rẹ̀ tó itan ẹlòmíràn. Ó kó ẹ̀rọ ìgégi wá àti ọkùnrin méjì. Ó ní Lọ́yà ló rán òun, pé típà yanrìn ń bọ̀ kí òjò tó dé, igi ọ̀pọ̀tọ́ ẹ̀yìn náà gbọ́dọ̀ wó lónìí.

Kí Gàníyù tó rí ọ̀rọ̀ sọ, Taofeek ti ń rìn lọ sí ìdí igi. Àwọn ẹyẹ gbọ́ ariwo, wọ́n fò lọ sí òdì kejì omi. Taofeek gbójú sókè kó lè mọ ẹ̀ka tí òun yóò kọ́kọ́ gé. Ó dúró. Ó fi ẹ̀yìn rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta.

"Bàbá, ta ló kó igi jọ sókè yẹn?"

Gàníyù ya ẹnu láti sọ pé ẹyẹ ni. Ẹ̀rín ti ń bọ̀ ní ẹ̀kẹ́ rẹ̀ pàápàá. Ìgbà náà ló rí ojú Taofeek, ó rí i pé ẹ̀rù ń ba ọmọkùnrin náà, ó sì yé e lójijì. Bí òun bá sọ pé ẹyẹ ni, wọn yóò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rọ yóò dún, ọmọ mẹ́ta tí kò tíì ní ìyẹ́ apá yóò sì bọ́ sínú omi. Ó pa ẹnu dé.

"Aṣọ pupa," Taofeek ń kà á lọ. "Ìkarahun. Òòyà. Ṣùkù. Àti bàtà! Ha! Èmi kọ́. Ìyá mi ò bí mi fún èyí." Ó yọ fóònù, ó pe Lọ́yà.

Lọ́yà Fikáyọ̀ dé kí oòrùn ọ̀sán tó rọlẹ̀, pẹ̀lú bàtà gíga tó ń rì sínú ilẹ̀. Ó wo orí igi náà, ojú rẹ̀ sì yí padà, kì í ṣe nítorí ẹ̀rù. Ẹjọ́ ilẹ̀ tó ti rò ní kóòtù kò níye, ó mọ bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀: ààlè lónìí, àwọn jàǹdùkú lọ́la, ìwé ẹjọ́ lọ́túnla.

"Ta ló gbé èyí sórí ilẹ̀ mi?"

Taofeek ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ma, ẹ má bínú o. Aṣọ pupa yẹn, orí Bàbá yìí ni mo ti rí i nígbà tí mo wá gé koríko."

Lọ́yà yíjú sí Gàníyù. "Ṣé tiyín ni, Bàbá?"

"Tèmi ni, ma."

"Òòyà yẹn ńkọ́?"

"Ti ìyàwó mi ni."

"Ẹ ṣeun." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ìyẹn ló sì dun Gàníyù jù. "Mo finú tán yín. Mi ò tiẹ̀ ka yín sí ẹni tó ń bá mi ṣọ́lẹ̀, bíi bàbá ni mo ṣe mú yín. Mò ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Kí ẹ sọ ẹni tó rán yín fún mi, tàbí kí ẹ kó ẹrù yín."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Gàníyù kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Àwọn ẹyẹ ti padà, wọ́n ń gbé àkèré wọlé fún ọmọ, bíi pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àṣàkẹ́ jókòó tì í.

"Ẹ sọ òtítọ́ fún un, Bàbá Màríàm."

"Bí mo bá sọ ọ́, àwọn ọmọ yẹn kú."

"Bí ẹ ò bá sọ ọ́, orúkọ yín ló kú. Ọgbọ̀n ọdún! Àpò símẹ́ńtì kan ò sọnù lọ́wọ́ yín rí. Ṣé ọ̀dàlẹ̀ ni kí wọ́n máa pè yín láti ibí dé Àjàh?"

Gàníyù mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Ó tún mọ̀ pé Màríàm ọmọ wọn wà nílé ọkọ ní Ìkirè, tó máa ń fi orúkọ bàbá rẹ̀ yangàn láàárín àwọn àna. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di ojú, ẹnu mẹ́ta tó yà sílẹ̀ yẹn ló ń rí. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an, kò sì sí ẹni tó lè bá a pín in.

Ní àárọ̀, Lọ́yà dé pẹ̀lú bàtà pẹlẹbẹ. Taofeek àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti wà níbẹ̀, wọ́n jókòó jìnnà sí igi náà. Gàníyù jáde síta. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ agbádá kékeré tó máa ń wọ̀ lọ sí Jímọ̀. Ọ̀rọ̀ orúkọ tí Àṣàkẹ́ sọ ló borí lọ́kàn rẹ̀ mọ́jú.

"Màdáámù, ẹnikẹ́ni ò rán mi. Ẹyẹ ló kọ́ ọ. Ẹyẹ ló sì kó gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ lánàá, ọmọ wọn tó wà nínú ẹ̀ ni mò ń rò. Ẹ bínú sí mi nítorí ìyẹn, ma, ṣùgbọ́n ẹ má pè mí ní ọ̀dàlẹ̀."

Taofeek rẹ́rìn-ín. "Ẹyẹ! Ẹyẹ wo ló ń so aṣọ?"

"Ẹ jókòó," Gàníyù wí. "Ẹ pa ẹnu mọ́. Ẹ máa wò."

Wọ́n jókòó sórí pákó tí Àṣàkẹ́ tẹ́ fún wọn. Ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní púfù-púfù, bóyá kí ẹnu wọn lè dí. Lọ́yà wo aago lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dìde, Ọ̀gá Káfíńtà fò wálẹ̀ láti òdì kejì omi, ó balẹ̀ sórí koríko, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí wọn lọ. Lọ́yà fa èémí sínú. Kò rí irú orí bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹyẹ náà rìn lọ síbi tí wọ́n kó irinṣẹ́ sí. Ó fi ẹnu kan okùn, kò wù ú. Ó wo gálọ́ọ̀nù epo, ó kọjá lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí ìbọ̀wọ́ Taofeek, ìbọ̀wọ́ tuntun aláwọ̀ ọsàn tó kó sórí ẹ̀rọ ìgégi. Ó gun orí ẹ̀rọ náà, ó gbé ẹyọ kan. Ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, kí gbogbo ènìyàn lè rí i dáadáa, ó sì fò lọ sí orí òrùlé rẹ̀. Ó tẹ́ ìbọ̀wọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ pupa, ó tún un ṣe, títí ìka rẹ̀ márààrún fi nà sókè.

Ẹ̀rín Lọ́yà ló kọ́kọ́ dún. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ló dìde, ó kúnlẹ̀ sórí koríko tútù yẹn, tòun ti aṣọ iṣẹ́. "Bàbá, ẹ foríjì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

"Ẹ dìde, ma. Kò sí nǹkan." Ẹnu Gàníyù ló ń sọ ọ́. Etí rẹ̀ ń retí ohùn ẹ̀rọ. Orúkọ rẹ̀ ti mọ́, ó sì dá a lójú pé òun ti fi ẹnu ara òun pa ọmọ mẹ́ta.

Ẹ̀rọ kò dún. Ó yíjú wẹ̀yìn, ó rí Taofeek tó ń di ẹrù.

"Taofeek, ibo lò ń lọ?" Lọ́yà bi í. "O ṣáà ti rí i pé ẹyẹ ni."

"Ma, ohun tí mo rí yẹn gan-an ló ń lé mi lọ! Bó bá jẹ́ èèyàn ló pa ààlè, a lè lọ bẹ̀ ẹ́. Ta la máa bẹ̀ fún ti ẹyẹ? Ta ló rán ẹyẹ? Ẹyẹ ń pa ààlè, ẹ ní kí n gé igi! Nínú gbogbo àwa tá a jókòó síbí, ìbọ̀wọ́ mi ló mú. Ìbọ̀wọ́ mi, ma! Ẹ̀rọ mi ló dúró lé lórí kó tó mú un!"

"Mo máa ra òmíràn fún ọ."

"Ẹ má ṣèyọnu, ma. Ẹyọ tó kù yìí náà, mo ti fún un." Ó sọ ìbọ̀wọ́ kejì sórí koríko, ó gbé ẹ̀rọ lé èjìká, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì gba ọ̀nà títì lọ, wọn kò wẹ̀yìn.

Gàníyù wo Lọ́yà, Lọ́yà wo Gàníyù. Ẹ̀rín tó bú jáde lẹ́nu bàbá náà mú un jókòó sílẹ̀ lójijì, tòun ti agbádá Jímọ̀ rẹ̀. Ó ń lu itan. Àṣàkẹ́ di igi mú kó má baà ṣubú. Ayọ̀ ọjọ́ náà, títí di òní, bí Gàníyù bá ń sọ ọ́, ó máa ń fọwọ́ nu ojú.

Lọ́yà kò tíì jáwọ́. Ó pe agégi mìíràn láti Ìkátẹ̀, ó tún pe ẹlòmíràn láti Àjàh. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi í: "Ma, ṣé kì í ṣe igi ẹlẹ́yẹ Awoyaya yẹn?" Ọ̀rọ̀ náà ti yára ju típà lọ lójú títì márosẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó bi Gàníyù pé ọjọ́ mélòó ló kù kí àwọn ọmọ náà fò.

"Ó lè tó márùndínlógójì, ma."

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa da yanrìn láti iwájú."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Lọ́yà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń pe Gàníyù tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é lójoojúmọ́. Kò bi í nípa yanrìn. "Wọ́n ti jẹun? Kékeré inú wọn yẹn ńkọ́?" Lọ́jọ́ kan, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ Ọ̀gá Káfíńtà wá láti inú àbàtà, wọ́n tó mẹ́jọ, wọ́n balẹ̀ sórí yanrìn tuntun tó funfun báláú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré yí ara wọn ká ní méjì méjì, wọ́n na ìyẹ́ orí sókè, wọ́n na apá, ariwo wọn gba gbogbo àdúgbò. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe àjọyọ̀ rẹ̀. Gàníyù pe Lọ́yà, ó na fóònù sí wọn. Wọ́n ní inú ìpàdé ni obìnrin náà wà, tó gbé fóònù sétí, tó ń rẹ́rìn-ín nìkan láàárín àwọn ọkùnrin onítáì.

Ọjọ́ tí wọ́n fò, òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́yà ti dé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àkọ́kọ́ yọ jáde, ó bẹ́, ó fò. Èkejì tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta ni kékeré. Ó gun orí òrùlé, ó dúró láàárín ṣùkù àti ìbọ̀wọ́, ó wo omi, kò lọ. Ìyá àti bàbá rẹ̀ ń ké pè é láti òdì kejì.

"Fò!" Lọ́yà pariwo. Ó ti wọ inú ẹrẹ̀ dé orúnkún, kò mọ̀. "Fò jàre! Wọ́n ń dúró dè ọ́! Ọmọ dáadáa, fò!"

Kékeré na apá, ó já bọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi, kó tó kó ara rẹ̀ jọ, ó gbéra, ó sì kọjá lókè orí wọn. Àṣàkẹ́ ń pàtẹ́wọ́. Gàníyù kàn ń wí pé "Alhamdulilahi, Alhamdulilahi," kò lè sọ òmíràn.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parọ́rọ́, Gàníyù mú ọkàn le. "Màdáámù, ilé ti ṣófo báyìí. Ẹ lè wá ẹni tí kò bẹ̀rù ààlè láti ọ̀nà jíjìn, kó bá yín gé e."

Lọ́yà ń wo ibi tí kékeré gbà lọ. Ó yọ fóònù, ó pe ẹni tó ya pílánù ilé fún un, ó ní kó fa fẹ́ǹsì ẹ̀yìn sínú ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀ lódì kejì, ó dájú pé ó ń bi í bóyá ara rẹ̀ dá. Lọ́yà gbé fóònù kúrò létí, ó yíjú sí Gàníyù, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ bíi ti ọmọdé.

"Bàbá, bí wọ́n bá fẹ́ padà wálé ńkọ́?"

Gàníyù sáré lọ mú okùn ìwọ̀n, ó wọn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, ó sì kan èèkàn mọ́ ibẹ̀ kí obìnrin náà tó yí ọkàn padà.